Luke Kuechly fi iṣẹ́ linebacker sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 28: ṣé kò yá jù?

Ọmọ Houston

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà dáadáa, ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ray Lewis, linebacker (agbèjà tó ń dúró lẹ́yìn ìlà iwájú), lo sáà 17 ní Baltimore. Ó ti pé ọmọ ọdún 37 kó tó fẹ̀yìn tì, ife Super Bowl, ti àṣekágbá NFL (líìgì àgbà Amẹ́ríkà), ló sì fi dágbére ní oṣù kejì ọdún 2013. Luke Kuechly ti Carolina Panthers, sáà 8 péré. Oṣù kìíní ọdún 2020 ló ní òun ò ṣe mọ́. Wọ́n ṣì ń yàn án sí Pro Bowl, eré àwọn tó ta yọ nínú sáà, nígbà náà, ọdún 2 sì kù nínú àdéhùn rẹ̀.

Èmi ní ó yá jù. Ẹni tó mọṣẹ́ tó báyẹn kì í gbé e jù sílẹ̀ nígbà tí agbára ṣì wà lára. Ẹ má sì kàn sọ fún mi pé orí ló ń dùn ún o. Ta ni orí kì í dùn nínú wọn? Thomas Davis tí wọ́n jọ wà ní Carolina, linebacker lòun náà, iṣan orúnkún kan náà já lẹ́ẹ̀mẹta, ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, ó sì padà wá. Ó fi egungun apá tó kán gbá Super Bowl 50. Kí ló dé tí ti Kuechly fi yàtọ̀?

---

Ẹ̀gbọ́n Charlotte

Àbúrò, jẹ́ ká to ìtàn náà kó tọ́ ná, kó tó di pé à ń dájọ́.

Oṣù kẹrin ọdún 2012 ni Panthers mú un, ẹni kẹsàn-án nínú draft (ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń pín ọmọ tuntun láti yunifásítì), láti Boston College. Wọn ò kọ́kọ́ fi í sí àárín. Ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, torí Jon Beason ló ni àárín. Ìgbà tí Beason fara pa ni wọ́n tì í wọ àárín, nígbà tí sáà yẹn sì fi parí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo NFL tó dá èèyàn mọ́lẹ̀ tó o. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn agbèjà tuntun tó ta yọ jù. Ní ọdún 2013, wọ́n fún un ní ti agbèjà tó dára jù lọ pátápátá. Pro Bowl 7 nínú sáà 8. Sáà tó kọ́kọ́ dé nìkan ni wọn ò yàn án.

Ó dọ̀rọ̀ orí wàyí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, eré àkọ́kọ́ sáà náà, ní Jacksonville: ọpọlọ mì, ó pàdánù eré 3. Oṣù kọkànlá ọdún 2016, eré alẹ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú New Orleans: gbogbo èèyàn ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí ó ṣe ń sunkún tí èémí rẹ̀ ń gbọ̀n, tí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé e jáde. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà náà. Oṣù kẹwàá ọdún 2017, pẹ̀lú Philadelphia: ó tún ṣẹlẹ̀. Sáà mẹ́ta léra, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni pé ó tún lo sáà 2 gbáko lẹ́yìn ìyẹn, 2018 àti 2019, láìsí pé wọ́n tún kọ ọ̀kan sílẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ẹni tí orí fọ́ lónìí tó sá lọ lọ́la. Ohun tó sọ nígbà tó ń lọ ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo lòun mọ̀ tí wọ́n ń gbà gbá bọ́ọ̀lù yìí, kéèyàn yára, kó le, kó lágbára, àti pé kò dá òun lójú mọ́ pé òun ṣì lè gbá a bẹ́ẹ̀.

Ti Thomas Davis tí o mú wá, orúnkún ni. Wọ́n lè la orúnkún, kí wọ́n so iṣan mìíràn sí i, kó sì máa rìn. Ta ló ń la ọpọlọ kí ó so ó?

---

Oníyèméjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi apá kan sílẹ̀. Panthers fìdí rẹmi ní 2019: eré 5 ni wọ́n jẹ, wọ́n pàdánù 11. Oṣù kejìlá ni wọ́n lé Ron Rivera, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ṣoṣo tí Kuechly mọ̀ nínú NFL. Wọ́n fẹ́ tún ilé kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kódà kí orí rẹ̀ dá ṣáká, ó lè wo ọ̀tún wo òsì kó ní ó tó gẹ́ẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìkan.

---

Kóòṣì Ìlà-Kejì

Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo linebacker ń ṣe. Ẹ wo ohun tí ẹni tó wà láàárín ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 40 tó wà láàárín eré kan àti èkejì.

Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti gbà kí agbèjà kan ní rédíò nínú akoto rẹ̀. Àmì róbótó aláwọ̀ ewé kékeré tó wà lẹ́yìn akoto lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á bá a sọ̀rọ̀ títí aago á fi ku ìṣẹ́jú-àáyá 15, rédíò á sì kú. Láti ibẹ̀, òun ló ku. Ó ní láti sọ fún àwọn tó wà níwájú pé kí wọ́n sún sọ́tùn-ún tàbí sósì, kó sọ fún àwọn ẹ̀yìn ẹni tí kálukú ń ṣọ́, kó sì máa wo bí àwọn alátakò ṣe tò. Ibí yìí ni Kuechly ti jẹ́ ọ̀gá. Ó máa ń pariwo eré tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é, títí kan ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Tí bọ́ọ̀lù bá wá gbéra, ó wà ní bíi yáàdì 4 tàbí 5 lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́. Orúnkún tẹ̀, ìwọ̀n ara wà ní iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀ kò tẹlẹ̀ tán. Kò gbọdọ̀ wo bọ́ọ̀lù. Guard, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dínà níwájú fún alátakò, ló ń wò, ojú rẹ̀ á sì gba orí guard náà kọjá sọ́dọ̀ running back, ẹni tó ń sáré gbé bọ́ọ̀lù, tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí guard bá rọ́ síwájú nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sáré gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí guard bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Tí guard bá nàró tó sì fà sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ jù ú ni, linebacker á yí pa dà, á sá sẹ́yìn bíi yáàdì 10 sí 12, ojú á wá padà sára quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á wo bọ́ọ̀lù. Quarterback á ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ fún running back, linebacker á gbé ìṣísẹ̀ 2 síwájú, tight end, alátakò tó lè hán bọ́ọ̀lù, á sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ lófo. Ìṣísẹ̀ 2 péré. Kò sí eré ẹsẹ̀ tó lè rí i gbà padà.

Ti guard fúnra rẹ̀: ó lé ní 300 pọ́ùn. Kuechly wọ̀n bíi 240. Tó bá dúró kó fi àyà gbà á, wọ́n á gbé e lọ. Ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé àyà guard, láti inú, kí àtàǹpàkò wà lókè. Apá tó wà lápá àlàfo tirẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ní kó dí, gbọ́dọ̀ wà lófo. Kálukú ló ní àlàfo tirẹ̀. Linebacker tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ torí ó fẹ́ lọ ṣe akọni níbòmíràn, inú àlàfo yẹn gan-an ni running back máa gbà.

Ẹ wá wo ohun tí mo fẹ́ fà yọ. Ẹni tó bá tètè ka eré ló ń tètè débẹ̀. Ẹni tó bá tètè débẹ̀ ló ń kọlù, pẹ̀lú ìsáré kíkún, kí ẹnikẹ́ni tó dín agbára ẹni tó ń bọ̀ kù. Linebacker tí kò mọ̀wé eré tó bẹ́ẹ̀ á dé nígbà tí ẹni méjì ti di olúwarẹ̀ mú, á kàn fara lé wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, wọ́n ka ìdámọ́lẹ̀ 24 fún Kuechly nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú New Orleans. Ohun tó fi jẹ́ ọ̀gá gan-an ló ń pa á lára. Ìyẹn ni ìdáhùn tèmi.

---

Aládùúgbò Baltimore

Kóòṣì ti là á, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ti Ray kún un, torí òun ni wọ́n fi ń wọn Kuechly.

Ní sáà 2000, Tony Siragusa àti Sam Adams ló wà níwájú Ray. Ẹni tó bá rántí bí àwọn méjèèjì ṣe tóbi á mọ̀ pé kò sí guard tó lè fi ẹni kan sílẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀ kó lọ bá Ray. Ẹni méjì méjì ló ń dí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Ray á wá máa sáré kiri láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àmì 165 péré ni wọ́n gbà wọlé nínú eré 16 ní sáà yẹn. Ray gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní Super Bowl náà. Nígbà tó yá, Haloti Ngata dé ní 2006, ó tún ní ògiri mìíràn.

Ara rẹ̀ kì í sì í ṣe irin. Iṣan ẹ̀yìn apá rẹ̀ já ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, gbogbo èèyàn ní ó ti parí, ó padà wá ní oṣù kìíní. Àmọ́ apá ni. Ẹ̀gbọ́n Charlotte ti sọ bí orúnkún àti ọpọlọ ṣe yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni apá.

---

Oníyèméjì

Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ò dúró tó bẹ́ẹ̀. Kuechly náà ní Star Lotulelei àti Kawann Short níwájú rẹ̀, méjèèjì tí Panthers mú ní draft 2013, ìpele kìíní àti ìkejì. Wọn kì í ṣe ọmọ kékeré. Ó sì ní ògiri yìí nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ mì ní 2015, 2016 àti 2017.

---

Kóòṣì Ìlà-Kejì

Òótọ́ ni. Àmọ́ ayé Ray ní 2000, sísáré gbé bọ́ọ̀lù ló pọ̀. Ní ayé Kuechly, jíjù ló gbòde, linebacker àárín ń sá sẹ́yìn, ó ń yí, ó ń sáré wá síwájú kọlu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hán bọ́ọ̀lù. Ìkọlù gbangba ni ìyẹn, kò sí ògiri kankan níbẹ̀.

---

Ọmọ Houston

Mo gbọ́. Owó ńkọ́? Àdéhùn tó bu ọwọ́ lù ní 2015, ọdún 5, bíi dọ́là mílíọ̀nù 62. Ṣé ẹni tó gbọ́n máa ń fi ọdún 2 irú owó yẹn sílẹ̀ lórí tábìlì?

---

Oníṣirò

Àbúrò, iye tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn yàtọ̀ sí iye tó dájú. Nínú NFL, apá tí wọ́n bá ṣèlérí nìkan ni tìrẹ. Ìyókù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án, ẹgbẹ́ sì lè dá ẹ dúró kí ọdún tó ń bọ̀ tó wọlé. Owó tí wọ́n fi ṣèlérí fún Kuechly ti wọlé tipẹ́ kó tó lọ. Ohun tó fi sílẹ̀ ni owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣe.

Ohun tó sì ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ linebacker nìyí: orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àwọn méjì tí owó wọn ò jọra rárá. Ẹni tó wà létí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lọ dá quarterback mọ́lẹ̀, ń gba ìlọ́po méjì ẹni tó wà láàárín. Ẹ wo 2025: T.J. Watt ti Pittsburgh, dọ́là mílíọ̀nù 41 lọ́dún. Micah Parsons tí Dallas tà fún Green Bay, mílíọ̀nù 47. Fred Warner ti San Francisco, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ló dára jù láàárín, mílíọ̀nù 21. Roquan Smith ti Baltimore, mílíọ̀nù 20 lọ́dún, àdéhùn 2023. Roquan fúnra rẹ̀ ló dúnàádúrà tirẹ̀, kò fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ òkè téńté ohun tí aṣojú lè gbà, fún ẹnikẹ́ni.

Tí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ fi franchise tag (ẹ̀tọ́ tí ẹgbẹ́ ní láti má jẹ́ kí ẹni tí àdéhùn rẹ̀ tán lọ) mú linebacker àárín mọ́lẹ̀ fún ọdún kan, inú agbo kan náà ni wọ́n ti ń ṣírò owó òun àti ti àwọn tó wà létí. Owó tag á wá ga ju ohun tí ipò rẹ̀ ń gbà lọ́jà lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kì í fi í sábà fi tag mú ẹni àárín. Wọ́n á jẹ́ kó lọ wá ọjà, wọ́n á mú ọmọ tuntun ní draft.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, òǹkà tó ṣe pàtàkì jù ni 3 àti 6. Eré 3 lórí àkójọ ẹgbẹ́ nínú sáà kan, wọ́n ti ka sáà yẹn fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ. Sáà 3 bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i. Eré 6, sáà yẹn wọ òǹkà òmìnira. Ó di sáà 4 kó tó lè lọ ibi tó wù ú nígbà tí àdéhùn rẹ̀ bá tán. Ẹni tí wọ́n bá gé kúrò lẹ́yìn sáà 2, kódà kó ti gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, kò rí èyíkéyìí gbà nínú méjèèjì.

---

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, àwọn ọmọ Ojulari méjì yẹn ńkọ́? Orúkọ wa ni mo ń rí lẹ́yìn aṣọ wọn. Níbo ni wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, etí ni àbí àárín?

---

Oníṣirò

Etí ni, Màámi. Azeez ti Yunifásítì Georgia, New York Giants ló mú un ní 2021, ẹni àádọ́ta. Sáà tó kọ́kọ́ dé, ó dá quarterback mọ́lẹ̀ ní ìgbà 8. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ò jẹ́: eré 7 ló gbá ní 2022, 11 ní 2023, 11 ní 2024. Nígbà tí àdéhùn ọmọ tuntun tán, ọdún kan péré ló rí gbà, ní Philadelphia. BJ, àbúrò rẹ̀, láti LSU, Arizona Cardinals mú un ní 2023, ẹni kọkànlélógójì. Iṣan orúnkún rẹ̀ já níbi ìgbaradì 2024, gbogbo sáà yẹn lọ.

Ìpele kejì ni wọ́n ti mú àwọn méjèèjì, kò sí ọdún karùn-ún nínú àdéhùn wọn bíi ti ìpele kìíní. Ọdún 4 ni kí wọ́n fi han gbogbo ayé. Ọdún kan tó bá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ìdá kan nínú mẹ́rin ló lọ yẹn.

---

Ẹ̀gbọ́n Charlotte

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọpọlọ, torí ẹnì kan máa tó béèrè pé kí ló dé tí àwọn dókítà ò kàn dá a dúró.

Ìpele 5 ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì ń gbà padà. Ìsinmi àti iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kọ́kọ́. Kó tún máa sáré tàbí wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá. Kó ṣe eré ìdárayá tó jọ mọ́ bọ́ọ̀lù. Kó bá ẹgbẹ́ ṣe ìgbaradì tí kò sí ìkọlù. Lẹ́yìn náà ìgbaradì kíkún. Tí ìrora bá padà ní ìpele kan, wọ́n á dá a dúró níbẹ̀ títí ara á fi balẹ̀. Ní ìkẹyìn, dókítà ọpọlọ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, ẹni tó bá ti ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí kò lè dúró dáadáa kò gbọdọ̀ padà sínú eré ọjọ́ náà mọ́, tí dókítà bá rí i pé láti ọpọlọ ló ti wá.

Ibi tó ń jò ni pé ẹnu ẹni náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Wọ́n ń ṣe ìdánwò ìrántí fún gbogbo wọn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè fi wé e lẹ́yìn ìkọlù. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kùnà nígbà àkọ́kọ́ kí ìkejì má bàa hàn. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ kù ọdún kan kì í sọ pé iná ń dun òun lójú.

---

Kóòṣì Ìlà-Kejì

Kí n fi kan kún un, lórí bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù àti èjìká ẹ̀gbẹ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ dé pa pọ̀. Ojú wà lókè, orí wà lẹ́yìn ara ẹni tó ń sáré, kì í ṣe níwájú rẹ̀. Apá méjèèjì á gbá itan rẹ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ á máa rìn lọ. Tí orí bá ti tẹ̀, egungun ọrùn á nà tààrà, gbogbo agbára ìkọlù á sì gba inú rẹ̀ wọlé.

Ryan Shazier ti Pittsburgh ni ẹ̀rí. Oṣù kejìlá ọdún 2017, ní Cincinnati, ìdámọ́lẹ̀ lásán tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, orí tẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn bà jẹ́. Ọmọ ọdún 25. Ó padà rìn, àmọ́ kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni NFL fi òfin yáàdì 15 de ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orí láti fi kọlu ẹlòmíràn. Ní 2022, wọ́n tún ní kí àwọn linebacker máa fi ìdérí rírọ̀ lé akoto níbi ìgbaradì. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìdérí ò ní dá ọpọlọ dúró kó má mì nínú agbárí.

---

Ọmọ Houston

Ó dáa, mo gba ti orí. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

---

Aládùúgbò Baltimore

Rárá o. Oṣù kẹta ọdún 2015, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, San Francisco, linebacker àárín méjì ló lọ. Patrick Willis, ọmọ ọdún 30, lẹ́yìn sáà 8, ẹsẹ̀ ló lé e lọ; wọ́n sì fi í sí Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù, ní 2024, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé sáà 8 ò tó. Chris Borland, sáà kan péré, ó ní òun ò fẹ́ fi ọpọlọ òun ta tẹ́tẹ́. Ó dá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ìfọwọ́síwèé padà, torí iṣẹ́ ọdún 4 ni wọ́n torí ẹ̀ san án.

Ẹ má sì gbàgbé Junior Seau, linebacker tó lo sáà 20. Ó gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n mú Kuechly ní draft. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n bá CTE níbẹ̀, àrùn ọpọlọ tí ìkọlù léraléra sí orí ń fà.

---

Oníyèméjì

Mo gba gbogbo rẹ̀, àmọ́ mi ò kúrò lórí ti Rivera. Bíi ọ̀sẹ̀ 6 péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n lé e àti ìgbà tí Kuechly lọ.

---

Ẹ̀gbọ́n Charlotte

Rivera rí iṣẹ́ ní Washington kí oṣù kìíní tó tán ìdajì. Thomas Davis tí àbúrò wa mú wá níbẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ ní 2020, ọmọ ọdún 37. Ká ní Rivera ni Kuechly ń wá, ó mọ ọ̀nà Washington. Ó lè ní kí Panthers tà á, àwọn ẹgbẹ́ ì bá sì tò sẹ́nu ọ̀nà. Kò béèrè. Inú ọ́fíìsì Panthers ló wà lọ́dún yẹn, ó ń wo fídíò àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ mìíràn, ó ń kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.